Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò: ohun tí ojú mi rí lọ́nà Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, tẹ́ ẹ sì ń gbèrò láti yọ kọ́ńtáàtì, irin kékeré tó ń já iná tó sì ń so ó pọ̀, kúrò nínú dísíbítọ̀ tó ń pín iná fún pọ́lọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ fi ti ẹlẹ́kitirọ́níìkì sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kò tíì pé oṣù kan tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá rántí, inú mi ṣì máa ń bàjẹ́.

Ọkọ̀ bàbá mi ni, 1300, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò l'Ékòó, lọ́nà Badagry, lẹ́yìn tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1975. Bàbá ti sùn, ọkọ̀ wọn ṣì ń rìn. Kọ́ńtáàtì ló ń dà mí láàmú. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ óò ṣí i sí 0.4 mìlímítà, mẹkáníìkì tí ò ní géèjì á fi páálí ìṣáná wọ̀n ọ́n, ọkọ̀ á dùn ún wà. Kí ẹ tó rin 5,000 kìlómítà, ibi tó fi ń ha ọ̀pá dísíbítọ̀ ti jẹ, àlàfo ti dín, táímìn, àsìkò tí iná ń ta, ti yẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní fẹ́ sítáàtì láàárọ̀ mọ́.

Ni mo bá ra module, ti ẹlẹ́kitirọ́níìkì tó ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńtáàtì. Iṣẹ́ rẹ̀ ò le: a yọ kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́ńsà tó ń bá a ṣiṣẹ́, module jókòó sípò wọn, òrùka mágínẹ́ẹ̀tì wọ abẹ́ rótọ̀ tó ń yí nínú dísíbítọ̀, wáyà pupa lọ síbi tí wọ́n kọ 15 sí lára kọ́ìlì, tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún pọ́lọ́ọ̀gì, dúdú lọ síbi tí wọ́n kọ 1 sí. Ọkọ̀ sítáàtì lẹ́ẹ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo ní kí ọmọ iṣẹ́ da kọ́ńtáàtì àtijọ́ nù.

Oṣù méjì ló fi ṣiṣẹ́ láìṣe nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo ń gbé Màmá lọ sí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin l'Abẹ́òkúta. A ti kọjá Bákàtàrì nígbà tí a dúró de mọ̀lẹ́bí kan tó ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Mo pa ẹ́ńjìnì. Màmá ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Rédíò ọkọ̀ náà, kọ́kọ́rọ́ ni riwáyà so ó mọ́, kò lè sọ̀rọ̀ àyàfi tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON. Mo yí i sí ON. Ìṣẹ́jú 25 la fi jókòó. Mọ̀lẹ́bí wá pè pé ọ̀nà Ṣágámù lòun gbà.

Mo ní kí n sítáàtì. Kíkì ń yí ẹ́ńjìnì, ó ń yí, ó ń yí, ẹ́ńjìnì ò dáhùn. Mo ṣí ẹ̀yìn. Òórùn ike tó jóná ló kọ́kọ́ kí mi. Mo fọwọ́ kan kọ́ìlì, mo yára fà á padà, àfi bíi ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Mo fa wáyà àárín yọ lára dísíbítọ̀, mo fi àkísà dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, mo ní kí ọlọ́kadà kan bá mi yí kọ́kọ́rọ́. Iná ò ta. A tún un ṣe. Kò ta rárá.

Bọ́ọ̀sì tó ń kọjá kún fọ́fọ́. Orúnkún Màmá ò jẹ́ kí wọ́n gun ọ̀kadà. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi kaṣú pẹ̀lú aṣọ ẹbí lára, wọ́n ń wo aago. Nígbà tí wọ́n pè láti Abẹ́òkúta pé òkú ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá tú gèlè wọn, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n kì í sínú báàgì. Wọn ò bá mi wí. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bá mi wí. Ìgbà tí bọ́ọ̀sì kan fi rí àyè ìjókòó kan fún wọn, tí wọ́n sì débẹ̀, wọ́n ti ń ro sìmẹ́ńtì lé sàréè lórí. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé nìyẹn, wọn ò bá wọn da erùpẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, píkọ́ọ̀pù wọ́ ọkọ̀ padà s'Íbàdàn. A fi kọ́ńtáàtì tuntun sí i, ó sítáàtì. Lẹ́yìn náà mo tún ra module míì, òun ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà: bí ẹ́ńjìnì ò bá ṣiṣẹ́, ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ON. Iná ń wọ inú kọ́ìlì láìdáwọ́ dúró, kọ́ìlì ń gbóná, module ń sè. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kọ́ńtáàtì náà lè jó bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lè fi sáńdípépà ha kọ́ńtáàtì kẹ́ ẹ fi délé. Module tó bá jó ti parí.

Ẹ fi mítà wọn kọ́ìlì kẹ́ ẹ tó ra module. Module tèmi fẹ́ kọ́ìlì tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 3 ohm, kọ́ìlì tó wà lára ọkọ̀ ò ju 1.5 lọ, iná tó ń gbà kọjá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mẹkáníìkì mi ní kọ́ìlì ló fà á, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Mi ò jiyàn pé ó lọ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni mo fi kọ́ìlì yẹn rìn tí nǹkan kan ò jó. Ìṣẹ́jú 25 tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON ló jó o.

Ẹ má jẹ́ kí riwáyà gbé wáyà pupa sípò dúdú, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jó. Ẹ kó kọ́ńtáàtì àtijọ́ àti kọndẹ́ńsà rẹ̀ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú sukudiráfà. Ká ní mo ní i lọ́jọ́ yẹn ni, ìdajì wákàtí ni ǹ bá fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Ẹ so rédíò mọ́ bátìrì pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, kó má nílò kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ni mo tún ń sọ.

Níjẹta, mo gbé Màmá lọ sọ́jà Bódìjà. Bí mo ṣe pa ẹ́ńjìnì, ojú wọn lọ síbi kọ́kọ́rọ́. Mo yọ ọ́, mo fi lé wọn lọ́wọ́.