Dátà Ọ̀gá Ti Wọgbó

Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta o, àmọ́ mi ò lè dá ẹ̀rín yìí rín. Lọ́fíìsì wa ní Bódìjà, Windows yarí, ó lóun ò ṣe update mọ́. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo o, gbogbo wọn pátá ni, tẹ́ ẹ bá tẹ "Check for updates" á máa yí, á máa yí, á yí títí, ìgbà tó bá yá á wá gbé 0x80072EE2 síwájú yín. Mọ́mì Àkáǹtì tiẹ̀ kọ nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn ìwé, wọ́n ní tí wọ́n bá yọ lẹ́tà inú ẹ̀ kúrò ó ṣeé ta lọ́tò.

Íntánẹ́ẹ̀tì sì ń lọ geere. Google ń ṣí, WhatsApp ń wọlé, YouTube tí ò yẹ kó ṣí gan-an ń ṣí. Èmi mọ̀ pé ohun tí kóòdù yẹn ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà ń pe sáfà Microsoft tí update ti ń wá títí, kò rẹ́ni dáhùn, ló bá sú u. Mo ṣí PowerShell, ibi téèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, mo ní kó yẹ update.microsoft.com wò lórí port 443, ẹnu ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọlé, ó ní TcpTestSucceeded: False, ìyẹn ni pé kò ráyè wọlé. Ó ti yé mi. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní sà, firewall ló ń dí i lọ́nà. Wọ́n ní, "Firewall wo? Ṣebí èmi ni mò ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì yẹn!" Mo ní sà, ó dà bíi mégàádì téèyàn ń kan géètì fún, kò ní "ẹ wọlé", kò ní "ẹ máa lọ", ó kàn dákẹ́ bí ẹni tó ti sùn.

Bọ̀dá tó bá wa to nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé fóònù. Mo wá ní ẹ jẹ́ ká fi hotspot dán kọ̀ǹpútà kan wò, ẹyọ kan péré o, kí n kọ́kọ́ tan metered connection kó má lọ fa gbogbo ẹrù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ní, "Lo tèmi jàre, 20GB ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà." Kí n tó débi sẹ́tíǹsì, wọ́n ti dìde, wọ́n pariwo, "Ẹ̀yin èèyàn mi, hotspot ti dé o, password ẹ̀ ni ení èjì ẹ̀ta títí dé ẹ̀jọ!" Gbogbo ọ́fíìsì ló gbọ́, mo sì fura pé àwọn tó ń ta páànù ní ìsàlẹ̀ náà gbọ́.

Ṣé ẹ mọ Windows tí ò tíì ṣe update láti ọjọ́ pípẹ́? Kì í béèrè. Fóònù ọ̀gá gbóná débi pé wọ́n fi fáìlì gbé e. Ti Mọ́mì Àkáǹtì ti dé 94%, wọ́n ti ń kọrin ọpẹ́, ni fóònù bá dún gbì. Ọ̀gá wọ awò wọn, wọ́n ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà sókè bí ẹni ń ka bíbélì: dátà yín ti tán. Kọ̀ǹpútà kan péré ló parí, ti mẹ́síńjà, òun tí kì í lò ó ju kó fi ta géèmù lọ.

Àfìgbà tí bọ̀dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá gbé fóònù lálẹ́, ó wà lóde àríyá, gángan ń dún lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ọ̀gá yín náà ló ní kí n dínà gbogbo dáńlóòdù torí àwọn tó ń fi Wi-Fi kó fíìmù? Mo ti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fa software pa. Wọ́n ní kí n sáà fi YouTube sílẹ̀, torí ìwàásù." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fi windowsupdate.com àti update.microsoft.com sínú àwọn tó lè kọjá, kí n tó mu tíì tán, gbogbo ẹ̀ ti ń lọ wìrìwìrì.

Mo fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé fún ọ̀gá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí Microsoft, kí wọ́n dá 20GB àwọn padà, kí n má sì gbàgbé láti fi rìsíìtì sí i.