Ní Montevideo, "Ẹ Ṣé" Lè Túmọ̀ Sí "Ó Tó"

Nílé, ọpẹ́ kì í pọ̀ jù. Wọ́n bu omi fúnni, a ní "ẹ ṣé". Ilẹ̀ mọ́, a tún lọ sọ pé "ẹ ṣeun àná". Ọmọ Yorùbá tó bá gbé àṣà yìí dé Montevideo, olú-ìlú Uruguay, yóò ṣi ọ̀rọ̀ sọ nídìí mate, ohun mímu tí wọ́n jọ máa ń mu níbẹ̀.

Yerba, ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, ni wọ́n fi ń ṣe mate. Ahá ni wọ́n fi ń mu ún, bí ahá ẹmu tiwa, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù lọ. Wọ́n á bu yerba dé ìdá méjì nínú mẹ́ta ahá, wọ́n á dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ewé lè wọ́ jọ sápá kan, wọ́n á da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sápá tó ṣófo, wọ́n á sì dúró kó wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki bombilla bọ̀ ọ́, ìyẹn ọ̀pá irin tí ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́. Omi inú fúláàsì kò gbọdọ̀ hó. Kó má ju 80°C lọ. Omi tó bá hó á jó ewé, mate á korò, adùn rẹ̀ á sì tètè tán. Ẹ má sì fi bombilla rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Yerba ibẹ̀ kúnná gan-an, á di ihò yẹn, ẹni tó kàn kò sì ní rí nǹkan fà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bu omi sí i fún gbogbo èèyàn, òun ló sì ń mu ti àkọ́kọ́, torí ìyẹn ló korò jù. Tó bá kàn yín, ẹ mu ún gbẹ, kí ẹ dá ahá padà fún un láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní "gracias", ìyẹn "ẹ ṣé" tiwọn, ti sọ pé òun ò mu mọ́ nìyẹn, wọ́n á sì máa fò ó kọjá. Àjèjì tó dúpẹ́ tinútinú á wá jókòó síbẹ̀, á máa rò pé wọ́n kórìíra òun. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ òsì na ahá sí yín, kì í ṣe àrífín.

Nílé, "ẹ kú ìjókòó o" kan ṣoṣo kárí èèyàn mẹ́wàá. Níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa kí wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ọkùnrin sí ọkùnrin pàápàá tí wọ́n bá mọra; tí ẹ bá ń lọ, ẹ ó tún yí wọn ká. Orúkọ gan-an ni wọ́n sábà ń pe àgbàlagbà. Ìyẹn ló nira jù fún ẹni tí wọ́n fi "ẹ" tọ́ dàgbà, mi ò sì rò pé ó pọn dandan ká yára kọ́ ọ: "señora", ìyẹn "ìyáàfin", ò bí ẹnikẹ́ni nínú.

Tí wọ́n bá pè yín síbi asado, ìyẹn àpèjẹ ẹran sísun, ẹ mú wáìnì tàbí ẹran dání, kí ẹ sì ti jẹ nǹkan díẹ̀, torí oúnjẹ alẹ́ lè di agogo 10. Igi ni wọ́n fi ń dáná, ṣùgbọ́n ògúnná ni wọ́n ń wọ́ sábẹ́ ẹran, wọn kì í jẹ́ kí ọwọ́ iná kàn án. Iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń fi sí i; kò sí ata bíi ti sùyà. Ọpẹ́ wà níbẹ̀ o: gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó sun ẹran.

Ìlù candombe ti Barrio Sur àti Palermo, àdúgbò méjì ní Montevideo, ìran àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ni ín. Iná ni wọ́n fi ń yá awọ rẹ̀ kó lè le. Chico, tó kéré jù, ló ń ṣe bí omele, kì í yẹ̀ lójú kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó tóbi jù ló ń dárà bí ìyáàlù wa. Repique, tó wà láàárín, ni.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ẹ lọ sí etí omi Playa Ramírez. Yemọja ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, Iemanjá ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà Brazil ló gbà débẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ funfun àti búlúù, wọ́n á to òdòdó àti bàrà olómi sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, wọ́n á tì í sómi. Nílé, odò Ògùn ni tirẹ̀. Ní Brazil, ó di ti òkun. Ní Montevideo, odò ló tún padà sí, Río de la Plata, tó fẹ̀ débi pé ojú ò ká òdìkejì rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín: àbẹ́là ń jó nínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú iyanrìn.