Bí mo ṣe ń bu oúnjẹ fún Bàbá wa báyìí

Látìgbà tí ìtọ̀ ṣúgà ti fara hàn lára Bàbá wa ni ìmọ̀ràn ti ń wọlé lóríṣiríṣi ládùúgbò wa ní Bẹẹrẹ. Wọ́n ní kí Bàbá má fẹnu kan ìrẹsì mọ́, àmàlà ni kí wọ́n máa jẹ. Àwọn mìíràn ní ká ro wíìtì fún wọn. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n arábìnrin onímọ̀ oúnjẹ tó rí wa ní ọsibítù ló là mí lójú.

Ó ní iṣẹ́ tí oúnjẹ ń ṣe nínú ara ni kí n máa wò. Àmàlà, ẹ̀bà, fùfú, ìrẹsì, wíìtì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ọ̀wọ́ kan náà ni gbogbo wọn: oúnjẹ afúnnilágbára. Tí wọ́n bá dénú tán, ṣúgà ni púpọ̀ nínú wọn ń dà. Ẹni tó sá fún ìrẹsì tó wá jókòó ti òkìtì àmàlà, inú yàrá kan náà ló ṣì wà, ibùsùn ló pààrọ̀.

Oúnjẹ amáradàgbà ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, torí owó. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé láìsí ẹran, kò sí amáradàgbà. Ẹ̀wà ńkọ́? Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, amáradàgbà lé ní 20 gíráàmù. Gbẹ̀gìrì tí olóúnjẹ ń ta sórí àmàlà bí ẹni ń wọ́n omi, òun gan-an ló yẹ kó pọ̀. Ní tèmi, tí mo bá dé Bódìjà, ẹ̀wà ni mo kọ́kọ́ ń rà, kí owó tó lọ sídìí nǹkan mìíràn. Ẹyin àti ẹja wà níbẹ̀ náà. Pọ̀nmọ́ dùn, mo sì ń sè é, àmọ́ mi ò kà á mọ́ ẹran, torí amáradàgbà inú awọ kò pé. Ọjọ́ tí pọ̀nmọ́ bá wà nínú ọbẹ̀, mo máa ń fi ẹja tì í.

Ewédú, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewúro àti èso ló ń dáàbò bo ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí àgbàlagbà jẹ 400 gíráàmù ẹ̀fọ́ àti èso lójúmọ́, wọn ò sì ka iṣu tàbí kúkúndùnkún mọ́ ọn. Ọsàn jíjẹ ni mo ń fún Bàbá, kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan.

Epo kò gbọ́dọ̀ pọ̀: gíráàmù kan ọ̀rá ní kálórì 9, ti àmàlà kò ju 4 lọ. Ẹ má sì yọ́ epo pupa títí yóò fi funfun, ohun tó ń di fítámì A tó dára fún ojú ń bá iná lọ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń bù ú nìyí: ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, ìdajì tó kù, gbẹ̀gìrì àti ẹja pín in dọ́gba pẹ̀lú àmàlà. Bàbá ò fi àmàlà sílẹ̀, inú wọn sì dùn sí i.

Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà yín kẹ́ ẹ tó dín òkèlè kù, torí ṣúgà ara lè já wálẹ̀ jù.