Òdo Tí Kò Sọ Òtítọ́

Láàárọ̀ yìí ni mo jókòó ti iṣẹ́ kan tí mo ti ń sún síwájú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dísìkì bá kọ̀ láti gba ohun tí a kọ sí i, tí ètò tó kọ ọ́ sì wà lórí overlayfs, níbi tí filesystem kan (ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì) ti jókòó lé òmíràn lórí. Mo ti ka àlàyé rẹ̀ títí ojú fi ń ro mí, ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà.

Mo fi device mapper, irinṣẹ́ Linux tó lè dọ́gbọ́n dá dísìkì sílẹ̀, ṣe dísìkì àdánwò kan, mo fi ext4, irú filesystem kan, sí i, mo sì gbé overlay kan lé e, tó fi jẹ́ pé inú ext4 yẹn ni ìpele òkè rẹ̀, ibi tí ó ń kọ nǹkan sí, wà. Mo kọ fáìlì kékeré kan láti inú overlay, mo pe fsync, àṣẹ tó ń mú kí fáìlì kan dé orí dísìkì gan-an, lé e lórí, mo wá fi filefrag wo ibi tó jókòó sí gan-an lórí dísìkì. Mo ṣí fáìlì yìí sílẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan láti inú overlay, èkejì tààrà láti inú ext4. Lẹ́yìn náà ni mo yí tábìlì device mapper padà, kí ohunkóhun tí a bá fẹ́ kọ sí àwọn búlọ́ọ̀kù fáìlì náà máa pàdé àṣìṣe, mo sì fi ìyókù dísìkì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo tún ọ̀rọ̀ mìíràn kọ lé ti àkọ́kọ́ láti inú overlay, write, àṣẹ ìkọ̀wé náà, sì dá mi lóhùn pé òun ti gba gbogbo báìtì tí mo fún òun.

Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí write ṣèlérí kò ju pé ó ti da ọ̀rọ̀ wa sínú mẹ́mórì lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò Linux padà, ìṣẹ́jú-àáyá 5-5 ni kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, máa ń jí láti wo ohun tó yẹ kó lọ sórí dísìkì, ohun tó bá sì ti pé ìṣẹ́jú-àáyá 30 nínú mẹ́mórì ni ó máa ń kó lọ. Kí ó tó dé ibẹ̀, ètò tó kọ ọ̀rọ̀ náà lè ti pa fáìlì dé, kí ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Bí dísìkì bá wá kọ̀, ta ni kernel fẹ́ bá wí?

Mo pe syncfs, àṣẹ tó ń ṣe irú iṣẹ́ fsync fún filesystem lódindi, láti inú overlay, lórí Linux 5.10 tó wà lórí ẹ̀rọ àdánwò yìí. Òdo ni ó dá padà, ìyẹn ni pé kò sí àṣìṣe kankan. Mo pè é láti ìsàlẹ̀, lórí ext4 kan náà, mo gba EIO, àmì pé dísìkì kọ̀, lójú ẹsẹ̀. Mo ṣí àkọsílẹ̀ kernel wò, àṣìṣe náà wà níbẹ̀ gbangba, tòun ti nọ́ńbà inode, nọ́ńbà tí filesystem fi ń dá fáìlì mi mọ̀. Dísìkì kan, àṣìṣe kan, ìdáhùn méjì. Mo tilẹ̀ tún àdánwò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí mo rò pé èmi ni mo ṣi ọwọ́ tẹ̀.

Nígbà tí mo ronú sí i, ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Láti Linux 4.13, ní ọdún 2017, ni Jeff Layton, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel, ti mú errseq_t wọlé, òǹkà kékeré kan tí ó máa ń rántí àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn, tí ó sì máa ń sàmì sí i bóyá ẹnìkan ti rí i. Gbogbo fáìlì tí a bá ṣí ló ní ibi tí ó kà dé lórí òǹkà yìí, kí ẹnìkan má baà gbọ́ ìròyìn kí ó sì gbé e lọ mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Nígbà tí ó di 5.8, wọ́n fún filesystem lódindi ní òǹkà tirẹ̀, syncfs náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n overlay jẹ́ filesystem lọ́tọ̀, ó ní òǹkà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Inú òǹkà ext4 ni wọ́n kọ àṣìṣe mi sí, òǹkà overlay ni syncfs sì lọ yẹ̀ wò, ó bá a ní mímọ́ tónítóní. A rán ìránṣẹ́ sí ilé ìsàlẹ̀, ó jíṣẹ́ dáadáa níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé èsì bọ̀ wá sókè.

Ẹni tó bá rò pé kí overlay kàn máa wo òǹkà ti ìsàlẹ̀ ni ó kù, kí ó rọra. Ext4 kan ṣoṣo lè gbé ogún kọ̀nténà, àwọn ètò tí a yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn lórí ẹ̀rọ kan, sórí. Bí fáìlì ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, gbogbo wọn ni yóò gbọ́ pé dísìkì ti kọ̀, àti ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí kò jẹ. Èmi gbà bẹ́ẹ̀. Kí ètò kan dúró láìnídìí sàn fún mi ju kí ó máa lọ lórí irọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ bá dún lóru nítorí kọ̀nténà ẹlòmíràn kò ní bá mi ní ohùn kan.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fún overlay tí a gbé kalẹ̀ (mount) pẹ̀lú àṣàyàn volatile ló dùn mọ́ mi jù lọ lónìí. Volatile, tó dé ní 5.10, ń fo gbogbo sync kọjá kí iṣẹ́ lè yá, lórí àdéhùn pé bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, a ó da ìpele òkè náà nù. Ó máa ń fi àmì sílẹ̀ sínú work/incompat/volatile, tí kò ní jẹ́ kí a tún gbé e kalẹ̀ láì kọ́kọ́ yọ àmì náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé bí àṣìṣe bá ti ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí a gbé e kalẹ̀, gbogbo sync tó bá tẹ̀ lé e ni yóò máa kùnà títí lọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí bá sì wà ní ìsàlẹ̀ kí a tó gbé e kalẹ̀, kò ní gbà rárá.

Ọ̀rọ̀ “títí lọ” yẹn ni mo gbé padà sídìí iṣẹ́ tèmi. Nínú ètò kan tí mo kọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi ìgbìyànjú mẹ́ta sí fsync: bí ó bá kùnà, kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún un pè. Mo dán an wò lórí dísìkì àárọ̀ yìí, lórí ext4 tààrà. Ìgbà àkọ́kọ́, EIO. Ìgbà kejì, òdo, ètò mi sì kọ “ó ti yanjú” sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Kò sì sí ohun tó yanjú. Kernel ti ka ojú ewé mẹ́mórì náà sí èyí tó mọ́ lẹ́yìn ìkùnà àkọ́kọ́, nítorí náà kò sí ohun kankan tí fsync kejì rí kó lọ sórí dísìkì. Kòtò yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà, rí ní 2018, tí wọ́n fi pinnu pé bí fsync bá ti kùnà, kí ètò náà dá ara rẹ̀ dúró, kí ó sì tún gbogbo nǹkan kà láti inú WAL, ìwé àkọsílẹ̀ tí ó máa ń kọ ìyípadà sí ṣáájú.

Mo pa ìgbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́ kí n tó dìde. Ní báyìí, ètò náà ń kọ sínú fáìlì tuntun, ó ń pe fsync, ó ń yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ń pe fsync lé fódà náà. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kùnà, ó ń kú, fáìlì àtijọ́ sì wà níbi tó wà. Lórí 5.10, mo ti bọ́ syncfs overlay kúrò nínú ohun tí mo fọkàn tán, fsync lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan ni mo ń lò, nítorí èyí ni overlay ń gbé lọ bá fáìlì òkè gan-an, tó sì ń gbé èsì rẹ̀ bọ̀.