Ó Fọwọ́ Rọrí Kú: Ọjọ́ Tí Mo Lọ Kí Hank Aaron Ní Atlanta

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2021, fóònù mi dún. Bàbá ni. Kò kí mi, kò béèrè àwọn ọmọ. Ó kàn ní, "Hank ti lọ," ó sì dákẹ́. Hank Aaron, ìlúmọ̀ọ́ká agbábéèsìbọ́ọ̀lù, ló ń wí. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. A ti jọ ṣiṣẹ́ òru fún ọdún mẹ́sàn-án ní ilé ìkẹ́rù kan ní Charlotte kó tó fẹ̀yìn tì, n kò sì gbọ́ ẹkún Bàbá rí, àní lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ sí mi. Kì í ṣe bàbá tó bí mi. Ti ọ̀hún wà n'Íbàdàn. Ọmọ Alabama ni èyí, aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, òun ló sì gbà mí bí ọmọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí n kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bọ́ọ̀lù tí mo mọ̀ nígbà náà ni èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Bàbá ló fi ìdérí ìgò àti igi ìgbálẹ̀ kọ́ mi ní béèsìbọ́ọ̀lù, lákòókò tí wọ́n bá ní ká lọ jẹun láàárín òru. Ẹnì kan á jù ú, ẹnì kan á di igi mú, á dúró dè é. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ògiri tó wà ní ìparí pápá, ẹni tó gbá a á sáré yí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po, á padà wálé, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní home run. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín sí ìdérí ìgò yẹn, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Hank Aaron ṣe kọ́ ọ gan-an nìyẹn ní Mobile, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1934, torí owó àtira bọ́ọ̀lù ò sí nílé wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo gba ilé Bàbá lọ. Kòrónà ṣì gbóná, èémí rẹ̀ ò sì dáa tó, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú ìbòmú mi. Ó na bọ́ọ̀lù kan sí mi. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ ni, awọ rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ewé ìwé tó ti gbó, àmọ́ okùn pupa tí wọ́n fi rán an ṣì ta yọ, ó ń há ọmọ ìka lára bí ènìyàn bá fọwọ́ pa á. Ó ti fi bírò kọ nǹkan sí i, ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n nígbà tó ń kọ ọ́: 44, ẹ ṣeun. Nọ́ńbà tí Aaron wọ̀ nìyẹn. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi gbé e lọ sí ibi ògiri yẹn. Má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Ibi ògiri ni."

Mo gbéra ní aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Láti Charlotte dé Atlanta, ojú ọ̀nà I-85 náà ni títí, bíi wákàtí mẹ́rin. Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo kọjá táǹkì omi Gaffney ní South Carolina, èyí tí wọ́n kọ́ bí èso píìṣì ràgàjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. N kò yà síbi kankan àfi ibi tí mo ti ra epo. Bọ́ọ̀lù Bàbá wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, mo ń fọwọ́ dì í mú ní gbogbo kọ́nà.

Ẹni tó bá ń retí ilé ńlá tàbí ibojì olówó ní Summerhill, àdúgbò tí ògiri náà wà ní Atlanta, ojú á tì í. Pápá ìṣeré tí Aaron ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn kò sí mọ́. 1997 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n sọ ọ́ dà. Wọ́n kọ́ pápá mìíràn, Turner Field, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà 755 ní òpópónà Hank Aaron Drive, torí 755 ni gbogbo home run tó gbá láyé rẹ̀. Lẹ́yìn sáà 2016, Braves, ẹgbẹ́ tí Aaron gbá bọ́ọ̀lù fún, kó kúrò níbẹ̀ náà, wọ́n lọ sí Cobb County. Ohun tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí mo débẹ̀ ni ọ̀dà, ilà funfun tí ọkọ̀ ń dúró sí, àti apá kékeré kan lára ògiri pápá àtijọ́ tí wọ́n fi àmì sí lórí: home run 715, ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1974.

Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn wà. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọn ò tán. Ẹnì kan ń lọ, ẹni méjì ń bọ̀. Òdòdó wà nílẹ̀, fìlà wà, ẹ̀wù 44 tí wọ́n fi há ara ògiri, bọ́ọ̀lù lóríṣiríṣi, àbẹ́là tí atẹ́gùn ti pa. Ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. N kò mọ ẹ̀sìn tó ń sìn. Ohun tí mo rí kò yàtọ̀ sí kíkúnlẹ̀ níwájú àgbà.

Mo gbé bọ́ọ̀lù Bàbá kalẹ̀, mo yí i kí ìkọ̀wé rẹ̀ lè kọjú síta. Ìyá àgbà kan tó jókòó lórí àga alágbèéká wò ó, ó béèrè ẹni tó ni ín. Mo sọ fún un. Ó ní, "Èmi wà níbí lálẹ́ ọjọ́ yẹn," ó sì nawọ́ sí òfuurufú, ibi tí ìjókòó wọn wà nígbà tí ìjókòó ṣì wà.

Ó ní ọmọ ọdún 14 lòun. Àwọn ènìyàn 53,775 ló kún pápá yẹn. Al Downing ti ẹgbẹ́ alátakò, Dodgers, ju bọ́ọ̀lù, Aaron fi igi pàdé rẹ̀, gbogbo ènìyàn dìde. Gbogbo ènìyàn, àfi bàbá òun. Ó ní bàbá òun ò wo bọ́ọ̀lù náà rárá. Àwọn tó jókòó ló ń wò, ọwọ́ wọn ló ń wò, bóyá ẹnì kan á yọ nǹkan látinú àpò. Títí bàbá náà fi kú, kò lè sọ bí bọ́ọ̀lù 715 ṣe fò, bẹ́ẹ̀ ó san owó wọlé wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á nílé lè máa rò pé àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Babe Ruth, aláwọ̀ funfun tí wọ́n fẹ́ràn bí ojú, ló gbá 714, ó sì ti ń lọ sí ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀. Nígbà tí ọmọ dúdú láti Alabama ń sún mọ́ ọn, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Ní 1973 nìkan, nǹkan bíi 930,000 lẹ́tà ló gbà. Ọ̀pọ̀ ń gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń bú u, wọ́n ń pè é ní ẹranko, wọ́n ń sọ ọjọ́ tí wọ́n máa yìnbọn fún un àti ibi tí wọ́n máa dúró sí. Wọ́n halẹ̀ pé àwọn á jí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ní yunifásítì. Òun ò sun àwọn lẹ́tà yẹn níná. Ó kó wọn pamọ́ títí ọjọ́ ogbó. Olóòtú eré ìdárayá ní ilé ìwé ìròyìn kan ní Atlanta tilẹ̀ ti ní kí wọ́n kọ ìròyìn ikú rẹ̀ sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, kí ó wà ní sẹpẹ́ bí wọ́n bá pa á. Ọmọ ogójì ọdún géérégé ni Aaron nígbà náà.

Bí ó ṣe ń sáré yí ibùdó ká lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, aláwọ̀ funfun, fò wọ inú pápá, wọ́n sáré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ayọ̀ ló ń pa wọ́n, wọ́n fẹ́ gbá a léjìká ni. Ṣùgbọ́n Calvin Wardlaw, ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ Aaron, wà níjòókòó, ìbọn rẹ̀ wà nínú àpò awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló ní láti pinnu bóyá kó yìn ín tàbí kó fi wọ́n sílẹ̀. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí Aaron padà dé ibùdó tó ti gbéra, ìyá rẹ̀, Estella, ti sáré wọ pápá, ó sì gbá a mọ́ra pinpin. Ìyá tó ń bá mi sọ̀rọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì gbá àyà rẹ̀ mọ́ bó ṣe ń sọ èyí. Ó ní, "Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣe. Ó ń fi ara rẹ̀ bo ọmọ rẹ̀."

Ọkùnrin kan tó ń fetí sí wa dá sí i. Inú ṣì ń bí i pé ọ̀gá àgbà eré náà kò wá sí pápá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣojú ló rán. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta rèé! Mo gbà fún un. Bí àgbà bá ń ṣe ọdún láàárín ọ̀tá, ẹsẹ̀ olóyè ló yẹ kó kọ́kọ́ pé. Òmíràn fa ọ̀rọ̀ Barry Bonds yọ, agbábéèsìbọ́ọ̀lù mìíràn tó gbá 762 lẹ́yìn náà. Àríyànjiyàn ò pẹ́. Lójú àwọn tó wà níbẹ̀, 755 ni nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì, mo sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹnì kan tún béèrè lọ́wọ́ mi nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tí Aaron gbà ní gbangba ní ọjọ́ 5 oṣù yẹn kan náà, ní Morehouse School of Medicine, kí àwọn ènìyàn dúdú má bàa bẹ̀rù rẹ̀. Àhesọ ti ń fò káàkiri pé abẹ́rẹ́ náà ló pa á. Ikú wọ́ọ́rọ́wọ́ ni àwọn dókítà ìjọba ìbílẹ̀ Fulton sọ pé ó kú, lójú oorun, lẹ́ni ọdún 86. Ó dùn mí pé ẹni tó fi ara rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ ire tún di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ènìyàn.

Lójú oorun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyá náà ń tún sọ ṣáá. Mo wá sọ fún un pé ní èdè tiwa, a ní àdúrà kan. Bí a bá ń tọrọ ikú rere, a kì í ní kí ikú má dé. A máa ń ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká fọwọ́ rọrí kú. Mo fọwọ́ mi sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo tẹ orí sí i, kó lè rí ohun tí mo ń wí. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kúrò, ó fọwọ́ tirẹ̀ náà sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú. "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ," ó ní. "Wọn ò rí i pa. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí." Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Nílé, a mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ẹkún òkú àgbà ni.

Èmi ò dúró de ìsìnkú. Ọjọ́rú, ọjọ́ 27, ni wọ́n ṣe é ní Friendship Baptist Church. Bill Clinton sọ̀rọ̀, Andrew Young tó ti ṣe olórí ìlú Atlanta rí sọ̀rọ̀, mo wò ó lórí fóònù pẹ̀lú Bàbá lórí ìlà kejì. Nígbà tí ọkọ̀ òkú ń lọ sí ìtẹ́ òkú, wọ́n kọ́kọ́ gbé e gba ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn kọjá. Bàbá pariwo nínú fóònù: "Wọ́n ń gbé e kọjá níwájú bọ́ọ̀lù mi!"

Mo padà sí Atlanta ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ọ̀sẹ̀ tí ìlú náà ń jó nítorí pé Braves gba ife World Series. Gbogbo sáà yẹn ni wọ́n fi gé koríko pápá wọn ní àwòrán 44. Ìdíje 44 ni wọ́n borí kí ìsinmi àárín sáà tó dé, 44 náà ni wọ́n borí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí olólùfẹ́ Braves tí mo bá pàdé tí kò kà á sí mi létí, èmi náà ò sì rí ìdí tí n ó fi bá wọn jiyàn pé orí bàbá náà kọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dé ìtẹ́ South-View. Àwọn ènìyàn dúdú ló dá a sílẹ̀ ní 1886, torí ìwọ̀sí tí wọ́n ń fi òkú wọn rí ní ìtẹ́ ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin Martin Luther King sí, ibẹ̀ náà ni John Lewis, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ènìyàn dúdú, wà. Mo kí Aaron, mo ní ó dàárọ̀ o, Bàbá, mo sì kúrò.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo yà sí ibi ògiri. Wọ́n ti gbá ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, kò sí òdòdó, kò sí fìlà. Mo wá bọ́ọ̀lù Bàbá títí, n kò rí i. Ó ṣòro fún mi gan-an láti pe Bàbá, àmọ́ mo pè é.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ilé àwọn ènìyàn wà nítòsí ibẹ̀, bóyá ọmọdé wà níbẹ̀. Mo ní Summerhill kún fún ọmọdé.

"Ó dáa nígbà náà," Bàbá wí. "Á jẹ́ pé ọmọ kan ń gbá a."