Yíya fọ́tò Zangbeto ní Àgbádárìgì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀

Ẹ tètè wọ ọkọ̀ ní Mile 2, torí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kì í bá ènìyàn ṣàdéhùn àkókò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ rí àwọn tó ni Zangbeto, kí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ya àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ya. Àwọn Ògù, tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, ló ni ín. Eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru ni, kì í ṣe eré lásán.

Òkùnkùn kì í rọra dé níhìn-ín. Bí oòrùn bá wọ̀, bí ogún ìṣẹ́jú péré lẹ ní tí ojú ọ̀run á fi ní àwọ̀ aró, tí ìko ara Zangbeto á ṣì máa hàn. Ìgbà yẹn la fẹ́ràn jù.

Ìko ni Zangbeto láti òkè dé ilẹ̀, kò ní ojú. Kámẹ́rà tí ẹ bá ní kó máa wá ojú ènìyàn á wá a tì, tàbí kó lọ bá onílù. Ẹ pa wíwá-ojú yẹn, kí ẹ fi àmì ìfojúsùn (focus) kan ṣoṣo sí etí ìko, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà.

Bí Zangbeto bá ń fì yíyí, lẹ́ńsì tó ṣí dé f/1.8 kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lè wọlé, ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára sí) 3200 sí 6400 àti shutter (bí kámẹ́rà ṣe ń ṣí pẹ́ tó) 1/250 ìṣẹ́jú-àáyá á mú ìko ní fọ́nrán-fọ́nrán. Àmọ́ ó máa ń dà bí òkìtì koríko! 1/30 ló dùn-ún wò: ìko á fẹ̀ bí agbádá nínú afẹ́fẹ́, àwọn tó dúró jẹ́ẹ́ á sì hàn kedere. Ẹ fara ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Nínú ogún, ẹ lè rí méjì mú.

Fíláàṣì ńkọ́? Rárá o. Yíyí náà ń ru eruku, fíláàṣì á sì tàn mọ́ ọn bí ẹni fọ́n ìyẹ̀fun sójú àwòrán.

Bí ìlà dúdú bá dábùú àwòrán lábẹ́ gílóòbù LED, iná ló ń ṣẹ́jú. Iná 50Hz tiwa ń ṣẹ́jú lọ́gọ́rùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà 1/100 tàbí 1/50 ni kí ẹ lò.

Ẹ jìnnà díẹ̀ sí Zangbeto, ó lè ṣàdédé yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ èrò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dojú rẹ̀ dé kí èrò lè wo inú rẹ̀, kò ní pẹ́ rárá: ẹni tó bá ń yẹ fọ́tò àkọ́kọ́ wò lẹ́yìn kámẹ́rà nígbà yẹn, ó ti pàdánù rẹ̀.