Ilé onítáyà tí mo fi sílẹ̀ ní Texas

Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Lugbe l'Abuja níbí tún pè mí lánàá, wọ́n ní kí ló dé tí mo fẹ́ ta ilé Amẹ́ríkà nígbà tí mo lè kó ayálégbé sí i kí dọ́là máa wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi, wọn ò kàn mọ irú ilé tí à ń sọ ni.

Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kàn án, wọ́n wá fi táyà wọ́ ọ dé ibi tó wà lẹ́bàá Houston. Awo irin pupa kékeré kan wà lára ẹ̀ lẹ́yìn tó fi hàn pé ó bá òfin ìjọba àpapọ̀ wọn mu, òfin tó ti wà látọdún 1976. Mo ra ilé, mi ò ra ilẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń san owó ilẹ̀ fún ẹni tó ni ọgbà tí wọ́n to irú ilé bẹ́ẹ̀ sí, ilé ì báà ṣófo, ayálégbé ì báà má tíì san, kò kàn wọ́n.



Ìwé tí àwọn ọ́fíìsì ọgbà ń kọ ló ń dùn mí. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọgbà pé mo fẹ́ fi ayálégbé sí i, wọ́n ní òfin àwọn ni pé ẹni tó ni ilé ló gbọ́dọ̀ máa gbébẹ̀. Lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ṣì wà lọ́hùn-ún, mo ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, mo bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn pé koríko mi ti ga jù, wọ́n á ní kí n sanwó. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ò kan ilẹ̀kùn. Ọdún 11 ni mo lò níbẹ̀, ẹnì kan ò pe orúkọ mi láti ojú ọ̀nà rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Kubwa, l'Abuja níbí tí mo ń gbé báyìí, ará ilé kejì ń pariwo lórí fẹ́ǹsì, "Bàbá Tọ́lá, gọ́tà yín ti dí o!" Kí n tó wọ bàtà, ọmọ ẹ̀ ti mú ṣọ́bìrì dé.

Àwọn kan ní mo sá wálé. Mi ò sá. Mo mọ̀ pé ìjọba Abuja (FCT) náà ń gba owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀, sì lè pẹ́ títí kó tó jáde, ṣùgbọ́n ilé tí mo kọ́ níbí kò ní máa relẹ̀ lówó bíi mọ́tò. Tọ̀hún ń relẹ̀, àtiwọ́ ọ lọ síbòmíì sì máa jẹ owó rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ ọgbà ò sì ní gba ilé tó ti gbó.

Màá tà á. Ọmọ Mexico kan tó ń gbé ilé kejì ló fẹ́ rà á, owó tó dá lé e kéré sí èyí tí mo rà á, mo ti gbà. Ó ku kí ọ́fíìsì ọgbà gbà á, ká sì yí Statement of Ownership, ìwé tó ń fi ẹni tó ni ilé hàn, sórúkọ ẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá mi gé koríko yẹn títí ìwé á fi jáde.